A Na Apá Àbúrò Mi Kó Lè Dé Etí

Ní yunifásítì, mo fi odidi wákàtí kan gbọ́ bí jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń la ọpọlọ ọmọ tálákà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì yege ìdánwò. N kò sọ fún olùkọ́ náà pé nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò kan ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn mi ló kàn.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé, mo sì ti wà ní kíláàsì kìíní. Bàbá mi ń gé gẹdú nínú igbó ní Mamu, ìyá mi ń yan gàrí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ṣeé fi sídìí iná gàrí, nítorí náà èmi ni mo ń pọn àbúrò mi ọkùnrin. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ọ̀gá ilé-ìwé ní bí òun bá tún rí ọmọ lẹ́yìn mi, òun á yọ orúkọ mi kúrò nínú rẹ́jísítà. Mo padà sílé. N kò sunkún.

Ìyàwó tíṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ìyá mi ní a ó mú àbúrò mi lọ síbẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì ní ẹ̀sìn, ariwo ló ní.

Káfíńtà àdúgbò wa ló mọ òfin. Ó ti ṣe mẹ́séńjà ní kánsù fún oṣù mẹ́ta, láti ìgbà náà kò sí ohun tí ìjọba ń rò ní Ìbàdàn tí kò yé e.

“Apá ni wọ́n ń wò,” ó ní. “Bí ọwọ́ ọ̀tún kò bá gba orí kọjá kó kan etí òsì, wọn ò ní gba ọmọ náà.”

Òótọ́ ni, fún ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì kìíní. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ti jẹ́lé-ó-sinmi yàtọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi fi ń fi àdín ra apá àbúrò mi láràárọ̀, tó ń fà á bí aṣọ tó súnkì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, káfíńtà á mú rúlà wá, á wọ̀n ọ́n.

“Ó ti fi bíńtín gùn sí i.”

“Ṣé apá ló gùn, àbí rúlà yín ló ń gbó?”

“Rúlà kánsù nìyí o, ìyá ọmọ!”

Mo mọ̀ pé bí apá yẹn kò bá dé etí, ilé-ìwé tèmi parí. Mo dúró kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kò dùn mí.

A lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi. Ìyàwó tíṣà ń sọ Yorùbá inú Bíbélì, bí ẹni pé kì í ṣe Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti bí i. Kó tó bi wá ní nǹkan kan, ìyá mi pàṣẹ, àbúrò mi sì gbé apá gba orí, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kan etí.

“Kí ni ó ń ṣe yìí?”

“Ó ti dé e, mà.”

“N kò béèrè etí. Ṣé ó mọ bí a ṣe ń sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun?”

A kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn: ó tọ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò ní etí. Ìtọ̀ náà ṣàn dé ìdí àga.

“Ẹ mú un padà wá nígbà tó bá mọ̀ ọ́n.”

Ìyá mi na ọ̀já sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba ọmọ sẹ́yìn, ìtọ̀ náà gbóná wọ yúnífọ́ọ̀mù mi. Yúnífọ́ọ̀mù náà ni ìyàwó tíṣà ń wò.

“Ìwọ ọmọ yìí, òní kì í ṣe Sátidé. Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín?”

Ìyá mi ló fèsì. “Ẹ̀yìn rẹ̀ ni jẹ́lé-ó-sinmi tiwa, mà.”

Nígbà tí obìnrin náà máa fèsì, Ìjẹ̀bú ló sọ. Ó ní kí n sọ ọmọ náà kalẹ̀, kí ìyá mi wá ṣòkòtò mẹ́ta tó ti gbó fún un. Òun á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á fẹ́ kí n sọ pé àbúrò mi di dókítà. Lọ́rì gẹdú ló ń wà, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé yí mi po lẹ́ẹ̀kan, kò rí ọmọ, ó sì pe orúkọ mi. Mo dáhùn, mo jókòó. Lẹ́tà tí n kò mọ̀ ló wà lójú pátákó. Mo bi ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí wọ́n dé. Ó fi ìka hàn mí nínú ìwé rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.