Ọ̀bẹ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Pọ́n

Ìyá mi fi bí ogójì ọdún bó ọsàn tà ní gáréèjì Èrúwà, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbérò, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi bó gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ wọnú èèkù. Awakọ̀ kan ló gbàgbé rẹ̀ sórí àtẹ wọn nígbà tí wọn ò tíì bí wa. Wọ́n ní àwọn tọ́jú rẹ̀ dè é títí, awakọ̀ náà ò padà wá. Nígbà tí mo fi gbọ́njú mọ ọ̀bẹ náà, igi èèkù rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin, pípọ́n ojoojúmọ́ sì ti jẹ ojú rẹ̀ dé ìdajì.

Tíṣà ni mí ní Igbó-Ọrà. Nígbà tí iyè ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tí àwọn ọlọ́kadà gbé wọn bọ̀ láti ojú ọ̀nà Lánlátẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo mú wọn wá sílé mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ṣì mọ̀ mí. Lọ́dún kejì, "àbúrò mi" ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì máa béèrè ìyá wọn lọ́wọ́ mi, ìyá tó ti kú kí n tó dáyé. Mo kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, mo kàn ń sọ pé ìyá lọ sóko.

Ọ̀bẹ yẹn nìkan ni wọn ò gbàgbé. Inú àpò aṣọ kan tí wọ́n so mọ́dìí lábẹ́ ìró ló ń gbé. Láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mo máa ń gbé ọsàn kalẹ̀ fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á bó gbogbo rẹ̀, wọ́n á tò ó sórí àtẹ, wọ́n á máa dúró de oníbàárà. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, eṣinṣin ti bò ó. Èmi àti ewúrẹ́ àdúgbò la mọ bí ọsàn yẹn ṣe ń tán.

Lọ́jọ́ kan mo dé, mo bá ẹ̀jẹ̀ lára ọsàn. Ìṣó tó de ojú ọ̀bẹ mọ́ èèkù ti jẹ, ọ̀bẹ ń mì, ó sì ti ṣẹ́ padà lé wọn lọ́wọ́. Ìka méjì ló gé. Ìyá mi ò tiẹ̀ mọ̀. Wọ́n ṣì ń bó ọsàn lọ. Ibi tí mo ti ń fi aṣọ di ọwọ́ wọn ni ojú ọ̀bẹ ti yọ pátápátá, tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n mú ojú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kan, èèkù lọ́wọ́ kejì, wọ́n ń wo méjèèjì, ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn.

"Sọ ọ̀bẹ yẹn nù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n á wá máa fi ọwọ́ ṣe?"

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ara wọn léṣe ni? Sọ ọ́ nù jàre."

Mi ò lè sọ ọ́ nù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ohun tí mo rò ni pé bí a bá tún un ṣe tí a ò pọ́n ọn, wọ́n á rí i mú dání, kò sì ní lè gé wọn mọ́.

Mo gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Igangan. Bàbá yí i síwá sẹ́yìn. "Ọ̀bẹ yìí ti ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí. Wọ́n lu àjẹkù ìṣó àtijọ́ jáde, wọ́n gé irin sípóòkù ọ̀kadà rọ́pò rẹ̀, wọ́n gé agolo mílíìkì róbótó-róbótó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó má baà mì. Wọ́n ń rọra lu orí ìṣó náà, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé. Wọ́n kán ọ́ìlì sí i. Nígbà tó dún pà bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀, omi gba ojú mi. Bàbá nawọ́ sí òkúta ìpọ́nbẹ.

"Ẹ má pọ́n ọn, bàbá."

"Kí lo wí?"

Mo ṣàlàyé bí ìyá mi ṣe wà. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ọ̀bẹ wò. "Ó ṣì mú báyìí o. Bí o ò bá fẹ́ kó gé wọn, àfi kí n pa á."

Wọ́n wò mí, bóyá màá yí ọ̀rọ̀ padà. Mo gbójú kúrò lára òkúta ìpọ́nbẹ náà. Wọ́n wá ń fi ojú ọ̀bẹ náà ha ara irin, wọ́n hà á títí tó fi kú.

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ni bàbá wí bí wọ́n ṣe ń nà án sí mi. "Mi ò pa ọ̀bẹ rí."

Tayọ̀tayọ̀ ni ìyá mi gbà á. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn. Mo fi ọsàn lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀bẹ lé e lórí, wọ́n yí i, èèpo ò ṣí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọsàn kàn fọ́, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá wọn. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n fi ọ̀bẹ náà ha èékánná wọn wò.

"Ta ló pa ọ̀bẹ mi?"

"Ó ti gbó ni, Màmá."

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Ojú wọn là kedere, bí mi ò ṣe rí i láti bí ọdún kan. "Irọ́ lò ń pa. Ẹnìkan ló pa á." Wọ́n pa ọ̀bẹ náà dé, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ká ìka mi bò ó. "Gbé e fún ẹni tó ni ín. Èyí kì í ṣe tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò fọwọ́ kan ọsàn. Lọ́jọ́ kẹta náà, bákan náà ni. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sáré gbé ọ̀bẹ náà padà sọ́dọ̀ bàbá. Wọ́n pọ́n ọn títí tó fi lè fá irun. Mo délé, mo ṣí i, mo gbé e sórí àtẹ.

"Màmá, ọ̀bẹ yín rèé. Ó ti mú."

"Ọ̀bẹ ta?" ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá rẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbé e fún wọn. Nígbà tó sú mi, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni ìyá mi ṣì ń jókòó sí. Etí ìró wọn ni wọ́n ń fọwọ́ lọ́ látàárọ̀ títí tí oòrùn á fi wọ̀. Etí ìró náà ti ya, mo ti rán an lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í béèrè ìyá wọn mọ́. Bí mo bá ń lọ síléèwé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, kí n sọ pé, "Màmá, mo ń lọ o." Etí ìró wọn ni wọ́n á ṣì máa lọ́.