Ìlà Tó Ń Sọ Pé Ó Kù Díẹ̀

Ẹ wo obìnrin tó jókòó sí igun yàrá yẹn, tó fi síwẹ́tà kọ́ èjìká nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iná, èéfín àti omíyalé fún fíìmù ló wà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò dáná kankan rí níbẹ̀. Àwọn ètò kéékèèké tó ń bá àwọn ayàwòrán ṣe iṣẹ́ tó ń súni ló máa ń kọ. Anti Onílà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ní ìdí.

Àwọn ètò rẹ̀ a máa falẹ̀. Béèyàn bá tẹ ọ̀kan, ojú kọ̀ǹpútà á dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní mira fún wákàtí méjì. Ta ló lè fara da irú ìyẹn? Bàbá Eléèéfín, ọkùnrin tó ń ṣe èéfín, tí sùúrù rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, rò pé ètò kan ti kú, ó sì pa á nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí. Iṣẹ́ wákàtí méjì já sófo. Díẹ̀ ló kù kó sunkún.

Ni obìnrin wa bá fi ìlà kan sí i, ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gùn bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, kí olúwarẹ̀ lè mọ ibi tó dé. Gbogbo ilé yọ̀. Àṣìṣe kan ló ṣe: ó ka irinwó fáìlì tó wà nínú iṣẹ́ náà, kò wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Àwọn tó fúyẹ́ ló ṣáájú, àwọn tó wúwo bí òkúta ló gbẹ̀yìn. Ìlà náà sáré dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó bá jókòó síbẹ̀.

"Anti, ìlà yín ń purọ́ o," ni Bàbá Eléèéfín wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé ó kù díẹ̀. Kí ló wà nínú díẹ̀ ọ̀hún gan-an?"

Ó tún pa á. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó fi ìwúwo kún ìṣirò, ó sì mú kí ìlà náà máa kọ ohun tó kù sábẹ́: èéfín mẹ́ta, omi kan. Láti ọjọ́ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ mumi, wọ́n á padà wá jókòó jẹ́ẹ́. Kódà Bàbá Eléèéfín.

Ká ní ẹ rí obìnrin náà lọ́sàn-án Sátidé ni, àánú rẹ̀ ì bá ṣe yín. Ìgbà yẹn ló máa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọdún mẹ́fà ló ti kúrò nílé, àárò ìyá rẹ̀ sì ń sọ ọ́ débi pé bó bá gbọ́ tí arúgbó náà wúkọ́, ọ̀fun tirẹ̀ náà á máa yún un.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká parí fíìmù yìí ná."

Sátidé kan, ìyá náà bi í síwájú sí i. "Ọmọ mi, mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó kù yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Kà á fún mi."

 Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Fíìmù? Èyí tó kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí ti jáde láti ọdún márùn-ún, òmíràn ló kàn ń rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìrìnnà? Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìsinmi? Kò tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ̀rù ló ń bà á, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò sí nílé, wọ́n sin ín láìsí òun níbẹ̀, kò sì mọ ojú tó fẹ́ fi wo àga bàbá náà tó ṣófo.

"Màmá," ló wí, "gbogbo rẹ̀ ló kù. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá."

Ìyá rẹ̀ dákẹ́ títí. Kò sí ìlà kankan tí ọmọ lè fi mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dé.

"O ṣé tó o sọ fún mi," ni arúgbó náà wí níkẹyìn. "Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn ti ń ro mí. Sọ ọjọ́ tí màá tẹ́ ẹ fún mi, kí n lè sinmi dìgbà yẹn."

Omijé kò jẹ́ kó ríran, ṣùgbọ́n ó dá ọjọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó tó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ọjọ́ tó dá fún ìyá rẹ̀ ló kọ sínú ìwé tó fi tọrọ ìsinmi, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀gá láti yí i padà.