Wáyà Ẹnu Eléyín Irin

Eyín ni ọkọ mi fi ń bó wáyà. Ẹ ò ṣì mí gbọ́ o, eyín ni mo wí. Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ni, ara àwọn tó ń gun òpó láti tún wáyà ṣe. Wọ́n fún un ní ẹ̀mú tí wọ́n fi ń bó rọ́bà ara wáyà, ẹ̀mú náà wà nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n fún un. Bó bá ti dókè, ọwọ́ kan á di òpó mú, ọwọ́ kejì á ki wáyà bọ ẹnu, á gé rọ́bà rẹ̀ jẹ, á tu ú dànù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Eléyín Irin. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i bí ẹni pé wọ́n fi í joyè!

Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ni oníwàásù òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ra módẹ́ẹ̀mù, àpótí pẹlẹbẹ tí kọ̀m̀pútà fi ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù, kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á dojú àpótí náà dé, á máa wá òǹtẹ̀ àwọn aláṣẹ nídìí rẹ̀.

"Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀, ẹ má so ó mọ́ wáyà wa. Ẹ má tú u fúnra yín. Bí òjò bá ń kù, ẹ yọ ọ́."

Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní iná ilé àti wáyà tẹlifóònù kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn, pé tiransifọ́mà kékeré kan ló dúró láàárín wọn nínú àpótí náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, iná á gba wáyà tẹlifóònù jáde nílé, á lọ gbé ẹni tó di wáyà náà mú níbòmíràn.

Màá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹni tó fẹnu dì í mú ńkọ́?"

Á ní kí n lọ wo ìkòkò mi lórí iná.

Àbúrò rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀m̀pútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wáyà tẹlifóònù kan náà la sì jọ ń lò. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, mi ò sì lè la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi rí. Bàbá àwọn ọmọ, ó parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná ti lọ láti àárọ̀. Kí ọkọ mi tó jáde, ó ní àwọn ará àdúgbò ti ń fi ẹjọ́ wáyà wa sùn. Bí iná bá ti wà, tí wọ́n gbé tẹlifóònù sétí, ṣe ló máa ń kùn hùn-ùn-ùn, ó sì ti gbọn ìyá àgbà kan lọ́wọ́. Ó ní òpó onírin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lòun máa gùn lọ́sàn-án, kóun yẹ ibẹ̀ wò. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọ.

Ọ̀sán ni Akọ̀wé já wọlé tọ̀ mí wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Ìyàwó wa, bá mi yọ̀ o! Módẹ́ẹ̀mù mi tó jóná, mo ti jí i dìde."

"Báwo lẹ ṣe rí i ṣe?"

"Tiransifọ́mà inú rẹ̀ ló jó. Mo yọ ọ́ dànù, mo wá dọ́gbọ́n fún un níná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìjẹta. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí iná bá ti dé báyìí, á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n yín wà lórí òpó."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó ti bẹ́ jáde, èmi náà sì tẹ̀ lé e láìwọ bàtà.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mò ń sáré lọ. Èmi tí mo ti ń ṣépè fún àwọn oníná láti àárọ̀, èmi náà ni mo wá ń bẹ Ọlọ́run lójú títì: "Olúwa, má jẹ́ kó dé. Bá mi fi òkùnkùn sílẹ̀, jọ̀ọ́." Ọkùnrin tó ń lọṣọ lẹ́bàá ọ̀nà rí mi, ó rò pé iná ni mò ń sáré sí.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀! Wọ́n ti níná ní àdúgbò kejì, tiwa ló kàn!"

Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Nígbà tí mo yọ sí òpópó wa, mo rí Akọ̀wé níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ àpò, iwájú, ẹ̀yìn, àyà. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ilẹ̀kùn onírin náà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò dúró tì í. Mo kọjá lọ sídìí òpó.

Ọkọ mi wà lókè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di irin mú. Wáyà tó ti ilé wa wá wà láàárín eyín rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń pariwo burúkú nídìí òpó. Mo ké, "Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu! Bàbá àwọn ọmọ, ẹ yọ ọ́!" Ó wò mí, ó juwọ́ sí mi pé kí n ṣe sùúrù. Ó rò pé oúnjẹ ni mo wá pè é jẹ, ọkùnrin yìí! Mo na ọwọ́ sí àkàbà, mo tún fà á sẹ́yìn, torí bí mo bá mì ín, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ni mo bá gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀ òpópó, àwọn ọmọdé ń hó láti ilé dé ilé, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa: "Ó ti dé! Iná ti dé!"

Ni orúkọ rẹ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe Bàbá àwọn ọmọ, kì í ṣe Eléyín Irin. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fi gbogbo ọ̀fun pè, láìsí ẹ̀yẹ kankan, bí ẹni ń pe ọmọ tó ṣẹ̀.

Ẹnu ya ọkọ mi. Ó là á gbàgà.

"Èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

Wáyà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fì lọ, ó fì bọ̀. Gílóòbù ilé tó kọjú sí òpó tàn. Orí wáyà náà kan irin òpó nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó sì dún tàà! Iná búlúù ta, èéfín rú.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, ó jókòó síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé, ó ń fi ahọ́n tọ eyín rẹ̀ wò. Mo fi gèlè mi lù ú, mo lù ú dáadáa, mo tún dì mọ́ ọn. Akọ̀wé sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ọkọ mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"O pe orúkọ mi," ló wí.

"Mo pè é."

"Tún un pè."

Mi ò lè pè é. Ẹkún ni mò ń sun.

Ẹ̀mú ló fi ń bó wáyà báyìí, kò sì dán mọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní Eléyín Irin, àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ní tèmi, àyà mi ò tíì balẹ̀. Bí iná bá dé, tí àwọn ọmọ ń hó, kí n tó mọ̀, mo ti pe orúkọ ọkọ mi. Bó bá wà nílé, á dá mi lóhùn láti yàrá. Bó bá wà níbi iṣẹ́, mi ò ní tan gílóòbù kan, inú òkùnkùn ni màá jókòó sí títí tí màá fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.