Àwọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Máa Ń Mú Bọ̀ Wálé

Inú mi kì í pẹ́ bí. Ìyàwó mi sọ pé bí wọ́n bá ń ta ìbínú lọ́jà, èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí alágbàtà rẹ̀ ní gbogbo Òwu. Sìmẹ́ńtì ni mò ń tà, owó ọjà sì ń lọ sókè bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sìmẹ́ńtì ló lé ìbínú mi dé góńgó lọ́dún yìí. Àpótí kékeré kan ni, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ lọ. Àwọ̀ tí mo kùn ún ló dìjà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kẹ́mta, eré kan wà tí wọ́n máa ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn èèyàn kan ló ń gbé inú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ níbikíbi, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn á ṣí irú àpótí yìí, á wò ó bóyá atẹ́gùn ibẹ̀ ṣeé mí. Bó bá ti ṣí ìdérí rẹ̀, èmi náà á sé èémí nínú pálọ̀ wa, n kò ní í mí títí á fi ní ó dáa. Àpótí atẹ́gùn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń pè é.

Ẹ lè máa fi bàbá àgbàlagbà rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń ṣe àwòṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí a sì ń kó o jọ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. A ní ẹgbẹ́ lórí wáásáàpù: lọ́yà wà níbẹ̀, oníṣègùn eyín wà níbẹ̀, télọ̀ kan wà níbẹ̀ láti Ìbàdàn. A kì í jà lórí gígùn tàbí ìbú, rúlà ti parí ìyẹn. Àwọ̀ là ń jà sí. Iná tí wọ́n fi ya eré náà ń yí àwọ̀ padà, fíìmù tó ti gbó ń yí i padà, fóònù kálukú náà sì ní irọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan á ní ọ̀dà rẹ ṣú jù, ẹlòmíràn á ní ó mọ́lẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti bú ara wọn tán kí wọ́n tó kí ara wọn pé ẹ kú àárọ̀.

Èmi ní tèmi mọ àwọ̀ àpótí atẹ́gùn. Àyìnrín ni. Ìtòkú ni ìyá wa ti ń ta aṣọ àdìrẹ, ọmọ ilé wa sì ti mọ orúkọ aró kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní búlúù. Aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró tí wọn kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, tó jáde fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀, òun là ń pè ní àyìnrín. Mo gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo kàn án, mo yọ kókó ara rédíò àtijọ́ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo wá mú àkísà àyìnrín kan tó kù nínú ẹrù ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ po ọ̀dà, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n pò ó, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un pò, mo tún kọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa rí i gbà, kò sí ẹni tó fẹ́ rí mi mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun ni tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ní òpópónà kejì sí wa ti ra èyí tó ń fi àwọ̀ hàn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní wọ́n gba òun láyè láti máa wá wò ó. Mo kéré jù láti bá a lọ. Nítorí náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi á jókòó sílé, màá wo eré náà ní àwọ̀ eérú, òun á lọ wò ó ní àwọ̀ tòótọ́. Bó bá parí, màá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Á ní aṣọ ọ̀gá wọn pupa bí epo. Á ní ilẹ̀ ayé tí wọ́n sọ̀ sí lónìí, bí ìyeyè ló rí. Èmi náà á ro ìtàn fún un, torí ó ní ariwo àwọn ọmọ ilé náà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Bí àwa méjèèjì ṣe ń wo eré kan ṣoṣo nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo bi í ní àwọ̀ àpótí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àyìnrín ni."

Àárín ọdún yìí ni ẹgbẹ́ wa ní àwọn á pàdé ní Abẹ́òkúta, ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan, kálukú á to ohun tó ṣe sórí tábìlì. Inú mi dùn, mo ya fọ́tò àpótí mi, mo fi í ránṣẹ́ sí wọn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé a máa jọ lọ síbi ìpàdé kan, ṣùgbọ́n n kò sọ ti àpótí fún un, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣètò ìpàdé náà láti Èkó bá fi ohùn ránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kọ́lọ̀ yẹn ò kọrẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ eérú ni ti inú eré gan-an. Tábìlì yẹn, ojúlówó nìkan la fẹ́ síbẹ̀. Ẹ tún un kùn, ẹ jọ̀ọ́, kó lè wọlé."

Kó lè wọlé! Mo fún un lésì tí n kò lè kọ síbí. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí a ń wo eré náà. Ó ní wọn kò tíì bí òun, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ kẹ̀? Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lópùrọ́ láì mọ̀ ọ́n rí! Ìyàwó mi ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, pé kí n lọ wo àwọn oníbàárà tó dúró níta. Mo ní kí wọ́n dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni Èkó fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ẹnì kan lókè òkun ló ra àpótí náà gan-an tí wọ́n fi ṣe eré, ó tú ìdí rẹ̀, ó ya ibi tí oòrùn kò dé rí. Eérú ni. Eérú bí eruku tí mò ń gbọ̀n kúrò lára ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé mi.

N kò gbà. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Mo wọ mọ́tò, mo forí lé Papalántó níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, pé kí n lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí n fi dí wọn lẹ́nu. Bí mo bá tún àpótí yẹn kùn, èmi náà ti pè é lópùrọ́ nìyẹn.

Ó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo kí i, "Àǹtí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o."

"Káàbọ̀, ọkọ mi. Ta ló tún bí ẹ nínú?"

Mo gbé àpótí náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àpótí atẹ́gùn! Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni. Ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún àwọn aláìmọ̀kan yìí. Fóònù ti ń gba ohùn yín sílẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Pa á ná."

Mo pa á.

"N kò rí i rí," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo ráyè yọjú wò ó lójú fèrèsé wọn, àpótí kò sì jáde lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ilé náà rí mi. Ó ní ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ ń ba ògiri òun jẹ́, ó fa aṣọ bo fèrèsé. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé báyìí, á fà á."

"Wọn kò jẹ́ kí ẹ wọlé?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń lọ ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ìwọ ńkọ́? O ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé kí n wá délé lọ́wọ́ òfo ni?" Ó yí àpótí náà lọ́wọ́. "Mo kàn ń pe àwọ̀ fún ẹ ni. Nínú gbogbo èyí tí mo pè lẹ́yìn ìyẹn, èyí nìkan ni mo fojú rí. Lọ́jọ́ tí o bi mí, aṣọ fèrèsé yẹn ni mo ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Àyìnrín ni. Aṣọ tó dáa ni, o."

Orí mi gbóná. Ọmọbìnrin kékeré kan fi eré tó fẹ́ràn sílẹ̀ nílé, ó lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń wo aṣọ tí wọ́n fà bò ó lójú, nítorí tèmi. Èmi tí mo sì wà nílé, eérú ni mo rí, eérú náà ni òótọ́. Mo bú obìnrin yẹn, mo bú ọkọ rẹ̀, mo bú ẹni tó rán aṣọ fèrèsé fún wọn. Mo lọ mú sáńpépà nínú mọ́tò.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ha ọ̀dà yìí dànù. Àwọ̀ aṣọ ìkà yẹn ni mo fi kun àpótí mi!"

Ó gbé e mọ́ àyà. "Fi sílẹ̀. Àwọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo mú un wálé."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà. Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, "Ibi ìpàdé tí o ní a máa jọ lọ yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

Mo fi sáńpépà sílẹ̀. Fóònù mi ni mo mú. Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni Èkó pé ó jàre, eérú ni, àti pé n kò ní í tún un kùn. Mo ní àyìnrín ni àpótí tiwa, ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa gbé e wá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀kùn láti tì, kí wọ́n tì í mọ́ èmi síta. Wọn kò gbọdọ̀ tì í mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì.