Bẹ́ẹ̀dì Kò-kàn-yín

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ìbejì ti ń kan pósí, kò sì kan nǹkan mìíràn rí. Ilé-Ìkẹyìn ni àwọn ará àdúgbò sọ ọ́, wọn kì í sì í fẹ́ kó kí wọn pẹ́. Bó bá pàdé ẹni tó ń wúkọ́ lójú títì, tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ara le?" onítọ̀hún á gbé ikọ́ náà mì, á ní ara òun le kokooko bí ọta. Wọn ò jẹ̀bi. Bàbá yìí kò lè wo èèyàn kó má fi ojú wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tó lọ tọrọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gidi ló ń wo èjìká ìyá ìyàwó, tó ń ṣírò pákó. Kì í ṣe ìkà o. Iṣẹ́ ló sọ ojú rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ni ajá. Nígbà tí àwọn ìbejì dàgbà tán, tí oníkálukú bá tirẹ̀ lọ, ìyá mú ọmọ ajá pupa kan wálé. Ó sọ ọ́ ní Kò-kàn-yín, nítorí àwọn aládùúgbò tó ń béèrè ìdí tí àwọn ọmọ kì í fi í wálé mọ́. "Kò-kàn-yín! Wá jẹun!" Gbogbo òpópónà á gbọ́. Ọdún mẹ́tàlá rèé, ajá ti darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, eyín rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ mọ́, bó bá sì fẹ́ dìde láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ̀ jálẹ̀.

Dókítà ẹran wá, ó tẹ ìbàdí rẹ̀, ajá ké.

"Sìmẹ́ǹtì tó ń sùn lé yìí ló ń bá a jà," ni dókítà wí. "Bí kò bá kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn á gan. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ á mọ́, kò sì ní lè dìde mọ́. Ẹ wá ibùsùn rírọ̀ fún un, tó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ."

Ìyá Ìbejì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Àbí káfíńtà orúkọ lásán lẹ jẹ́?"

"Èmi? Kí n kan bẹ́ẹ̀dì fún ajá? Èmi tí mo kan pósí adájọ́!"

"Adájọ́ ti lọ. Ajá mi ṣì wà. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pajẹ."

Ó fi ẹnu kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà á. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé láti ọdún mélòó kan, ajá yẹn ni tọkọtaya náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Kò-kàn-yín, sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Kò-kàn-yín, sọ fún ìyá ẹ pé iyọ̀ pọ̀ jù." Bí ajá bá kú, ta ni yóò máa jíṣẹ́? Bàbá Ìbejì ro bí ilé náà yóò ṣe dákẹ́ tó. Ó mú téèpù.

Ó dúró títí ajá fi na ara gbalaja sínú oòrùn. Ó wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù, ó wọn èjìká, ó fi ìka méjì kún un fún ààyè. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fá pákó títí ó fi ń dán, ó tẹ́ fóòmù, ó fi aṣọ sátíìnì funfun tó dì ní kókó-kókó bo inú rẹ̀, ó kun ún ní fáníìṣì. Àpótí náà fẹ̀ níbi èjìká, ó tín-ín-rín níbi ẹsẹ̀. Ìdìmú onídẹ mẹ́rin ló kàn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ni ajá fẹ́ fi ìdìmú ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò bi orí.

Nígbà tó gbé e wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Ajá mi ò tíì kú!"

Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì na ọrùn lórí ọgbà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ mọ́kàn le. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò kàn yín!"

Bí ajá ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó tiro jáde. Aránṣọ rí òkú tó ń rìn, ó yọ ọrùn padà kíákíá.

Kò-kàn-yín gbóòórùn àpótí náà, ó wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ yí po, ìbàdí rẹ̀ gbá pákó. Ó yí sí apá kejì, ó tún gbá a. Ló bá jáde, ó padà sùn sórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá Ìbejì wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ rán ajá níṣẹ́ kankan.

Bàbá Ìbejì fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó ti ajá. Inú ń bí i sí ajá, sí dókítà, sí aránṣọ. Ó pẹ́ kó tó wò ó dáadáa. Ajá náà ká kọ́rọ́kọ́rọ́, imú rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù. Òkú ló ń nà gbọọrọ. Ohun tó bá lẹ́mìí, tí òtútù sì ń mú, kíká ló ń ká. Ó ti wọn alààyè bí ẹni wọn òkú, ojú sì tì í.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá. "Ìyá Ìbejì, báwo lo ṣe máa ń sùn?"

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ọdún márùndínlógójì tá a ti jọ ń sùn, ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Má bínú."

Ìyá jáde síta. "Mo máa ń ká," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń nà bí igi." Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fà á yí ajá tó ń sùn po. "Bó ṣe tóbi tó nìyí. Ẹ fi ààyè kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń yí po kó tó dùbúlẹ̀."

Ìyàwó di pákó mú, ọkọ fa ayùn. Wọ́n gé ibi ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n fẹ ibi èjìká sí i, wọ́n rẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ kí ajá lè gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ìyá fa sátíìnì ya, ó tẹ́ súwẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń bú ara wọn láìrán ajá bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì dùn mọ́ Bàbá Ìbejì nínú. Nígbà tí ajá wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká, ó mí kanlẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ jáde. Ajá la ojú kan. Ó na ẹsẹ̀ iwájú, ó gbé àyà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀n, ó dúró díẹ̀, ó tún gbọ̀n. Lójijì ìbàdí gbéra, Kò-kàn-yín ré iwájú àpótí kọjá, ó gbọn ara nù, ó sì lọ tọ̀ sára pákó tó ṣẹ́kù.

Omijé bọ́ lójú bàbá, kò nù ún. Ó kígbe tí gbogbo òpópónà fi gbọ́: "Ìyá Ìbejì, jáde wá wò ó! Láti ọjọ́ tí mo ti ń kan nǹkan, òní ni ẹnìkan kọ́kọ́ dìde nínú rẹ̀!"