Orúkọ Ọkọ Mi Nínú Orin

Ọkọ mi kì í kọrin fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dára, èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ro orin kalẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run fún ní ohùn, kí wọ́n máa fi gbayì kiri. Àwọn gbajúmọ̀ olórin máa ń wá a wá sí sítúdíò kékeré kan lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù ní Oregun. Èmi náà ò jìnnà síbẹ̀, ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń di bisikíìtì sínú páálí.

Àbúrò mi ló fa orin tó kó bá wa yìí. Ó gbé lọ́dọ̀ wa ní Agége fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ, ó mu, àwa la rán an nílé ìwé. Bí ó ṣe ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà báyìí, kò gbé fóònù wa mọ́. Mo máa ń ráhùn nípa rẹ̀ bí mo bá ń dáná, ọkọ mi á máa gbọ́. Àṣé orin ló ń fi ìráhùn mi ṣe. Nígbà tó yá, ẹnu gbogbo ayé ni mo ti ń gbọ́ ọ:

Nígbà tébi ń pa ọ́, o mọ̀nà ilé wa,
O wá yó tán, o ń bèèrè ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í dárúkọ. Ẹni tọ́rọ̀ bá kàn ni yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Agége bá wa wá ẹni tó ni ín. Wọ́n ní Alága ni, ọkùnrin tó ń ṣàkóso gáréèjì kan lọ́nà Dopemu. Ìtàn rẹ̀ ò pamọ́. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló bọ́ ọ nígbà tó ṣì ń pe èrò sọ́kọ̀. Nígbà tó di alága, òun náà ló ní kí wọ́n wó ìsọ̀ ìyá yẹn. Àwọn obìnrin tí a jọ ń di páálí ní ọkọ mi gbóyà. Mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó bá Alága fà á rí. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí.

Bí Alága bá bínú sí orin náà ni, ìbá sàn fún mi. Kò bínú. Wọ́n ní ó ń jó sí orin náà. Ó fi àgbò ránṣẹ́ sí wa, láìsí ọdún, láìsí ìkómọ. Mo ní ká dá a padà, ọkọ mi ní a kì í dá irú rẹ̀ padà. A so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. A ò lè pa á, a ò lè tà á. Àwọn ọmọ mi ń fún un ní èèpo iṣu, ó sì ń sanra.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe kírun tán, Alága fúnra rẹ̀ wọlé wá. Géńdé méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un, ó mu ún, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bèèrè àlàáfíà ìyá ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ò sọ fún un rí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá náà wà.

Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orin ẹ dùn mọ́ mi. Ta lo ń bá wí níbẹ̀? Dárúkọ ẹ̀ fún mi, kọ́kàn mi lè balẹ̀."

Bí ọkọ mi bá ní kò sẹ́nì kan, Alága á gbà pé òun gan-an ni. Bó bá sì sọ òtítọ́, wọ́n á lọ bá àbúrò mi láti mọ̀ bóyá irọ́ ni, àwọn géńdé yẹn kì í sì í fi ẹnu nìkan bèèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Bó ti ya aláìmoore tó, n kò fẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá mi. Mo wo ojú ọkọ mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ láìlanu.

"Ara mi ni mò ń bá wí, Alága," ni ọkọ mi wí. "Èmi ni mo jẹun àwọn èèyàn tán tí mo gbàgbé wọn."

Alága dìde. "Ó dáa. Fi orúkọ ẹ sí i nígbà náà, káyé yéé ṣi èèyàn mú."

Nígbà tó ń lọ, àwọn géńdé rẹ̀ tú àgbò náà, wọ́n mú un lọ.

Ọkọ mi padà sí Oregun, ó fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sínú orin náà. Èyí wá lókìkí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń fi ṣe àwọn ọmọ mi ní yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ń yọ ṣùtì sí ọkọ mi lọ́nà. Kò tíì ro orin mìíràn láti ìgbà náà, inú sì ń bí mi sí gbogbo Agége, n ò ní purọ́. Láti ọjọ́ tí Alága wá ni àwọn géńdé yẹn ti ń jókòó sí ìsọ̀ iwájú ilé wa. Wọ́n á kí wa dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ó kí mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ orin tí wọ́n fi bú Bọ̀dá. Ó dùn mí fún yín o. Ẹ bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀, kí wọ́n yéé ṣe aláìmoore sáwọn èèyàn."

Ọkọ mi gbọ́ ohun tó sọ. Ó mi orí sí mi pé kí n má wí nǹkan kan. Fèrèsé wa ṣí sí títì, àwọn géńdé tó jókòó níta sì ti dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ wa.

"O ṣé, àbúrò mi," ni mo wí. "Màá sọ fún wọn."