Orí Ẹ̀yìn Mi Ni Ràfátù Ti Sọ̀rọ̀

Tántì Ṣẹkínà ni ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Abidjan. Ọmọ Ṣakí ni, Adjamé ní Abidjan níbí ni wọ́n bí i sí, ohun tó bá sì sọ lórí ọmọ ni ilé ẹ̀kọ́ ń gbà. Iṣẹ́ wa ni pé ká wá bí ọmọ tí kò ríran, tí òmíràn ò sì gbọ́ràn, ṣe ń sọ ohun tó fẹ́ nígbà tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ràfátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Roxy, gbé ọmọ rẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò ríran, kò gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà ti ní bí a ò bá gbà á, Ìgbòho ni wọ́n máa fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo tẹ́ ẹní, mo kó ohun ìṣeré sílẹ̀, èyí tó ń gbọ̀n àti èyí tó rí hàràhàrà. Ràfátù kàn ká jọ síbẹ̀. Mo ń kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tántì wọlé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí àlejò bá ń ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣé ìwọ náà máa dá a lóhùn? Laisse ça, fi ìyẹn sílẹ̀. Gbé ọmọ náà pọ̀n."

"Èmi, Tántì?"

"Ìwọ náà ni! Ìyá rẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kó máa gbọ́ ọ."

Ìyá rẹ̀ yọ ọ̀já tirẹ̀ fún mi, kí ọmọ lè gbóòórùn rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo ń jó díẹ̀díẹ̀ yí yàrá ká. Ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

"Dúró," ni Tántì wí. "Fún un láàyè."

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wa wà: o dá ohun tó dùn mọ́ ọmọ dúró, o wá ní sùúrù. Mo dúró. Ó pẹ́. Ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì bá fún mi níhà, gbì! Mo jó. Mo tún dúró. Gbì!

"Ó ní kí n máa jó lọ!" Mo ti ń pariwo.

"Yéè!" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Bó ṣe ń ṣe mí lójoojúmọ́ nìyẹn! Mo rò pé ó kàn ń jà ni."

"Ọ̀rọ̀ ló ń sọ," ni Tántì wí. "Mú un wá ní lundi, lọ́jọ́ Ajé. Èmi fúnra mi ni màá bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹ́ tú ọ̀já. Gbì!

"Tántì, ó ti rẹ̀ mí o."

"Ó sọ̀rọ̀, o gbọ́, o wá fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?"

Mo tún ọ̀já so, mo sì jó jáde sí àgbàlá.